Gáàsì Ẹ̀rín: Láti Orí Ìtàgé Dé Yàrá Àyẹ̀wò

Ojú ìwé ìtàn wa tún dé. Ọ̀rọ̀ gáàsì kan ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe gáàsì ìdáná, kì í sì í ṣe èyí tí a fi ń mú ilé gbóná tí owó rẹ̀ ń já wa láyà. Èyí tí à ń wí ni èyí tí àwọn ìyá tó bímọ sí ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí mọ̀ dáadáa. Nígbà tí ìrọbí bá mú wọn gan-an, agbẹ̀bí a gbé ohun kan tó so mọ́ ọ̀pá rọ́bà lé wọn lọ́wọ́, a ní kí wọ́n fi ẹnu mú un, kí wọ́n sì máa mí in sínú. Orí a fúyẹ́, ara a rọ̀ díẹ̀. Ẹlòmíràn a máa rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn a máa fi ọkọ rẹ̀ bú. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá kò mọ̀ ni pé gáàsì kan náà lè wúlò fún àwọn náà, ní ọjọ́ tí dókítà bá ní kí wọ́n wá kí òun mú bíńtín nínú ẹran ara wọn lọ fún àyẹ̀wò.

Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá. Ìṣirò kan tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2015 fi yé wa pé nínú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́rin, ọ̀kan ni wọn yóò sọ fún lọ́jọ́ kan láyé rẹ̀ pé ó ní àrùn jẹjẹrẹ próstéètì, ìyẹn kókó tó wà ní ìsàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ní ti àwọn òyìnbó, ọ̀kan nínú mẹ́jọ ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA lè mú kí dókítà fura, àwòrán MRI sì lè fi ibi tó ń kọni lóminú hàn án, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó lè fìdí múlẹ̀, àfi kí wọ́n mú díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn bàbá wa ti ń wọ́lẹ̀. Mo mọ ju ẹnì kan lọ tó gba lẹ́tà ilé ìwòsàn, tó sì fi í sáàárín Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀ títí ọjọ́ àyẹ̀wò fi kọjá. Bí a bá bi wọ́n, wọn kì í sọ pé àrùn náà ni àwọn ń bẹ̀rù. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù, àti ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà wọlé.

Biopsy ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pe irú àyẹ̀wò ẹran-ara bẹ́ẹ̀. Ernest Besnier, oníṣègùn àwọ̀ ara ní ilẹ̀ Faransé, ló fi ọ̀rọ̀ náà lọ́lẹ̀ ní ọdún 1879. Inú èdè Gíríìkì ló ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì fara jọ "wíwo ohun alààyè". Ọ̀bẹ ni wọ́n sábà fi ń gé e nígbà náà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò jù lónìí. Ní ọdún 1883, Paul Ehrlich ti ilẹ̀ Jámánì fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ jáde nínú ẹ̀dọ̀ ènìyàn. Ní 1958, Menghini ti ilẹ̀ Ítálì ṣe àlàyé abẹ́rẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ní ti próstéètì, ọdún 1989 ni Hodge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń mú ẹran láti ibi mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹ̀rọ ultrasound tí wọ́n gbà láti ojú ìdí wọlé sì ń fi ọ̀nà han abẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí mẹ́fà fi di mẹ́wàá, tí mẹ́wàá fi di méjìlá. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń yin abẹ́rẹ́ náà, a sì máa dún tà! bí ẹ̀rọ tí a fi ń gún ìwé pọ̀ ní ọ́fíìsì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló gba gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí oògùn ìrora kankan. Èrò àwọn dókítà ni pé kò ní pẹ́. Ẹni tí wọ́n ń gún ló mọ bó ṣe pẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ kí a wá tọpa gáàsì náà dé orísun rẹ̀. Nitrous oxide ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Joseph Priestley, oníwàásù tó tún jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣe é jáde ní ọdún 1772, ṣùgbọ́n kò rò pé ó lè bá ìrora jà. Ó di ọdún 1799 ní ìlú Bristol, níbi tí Dókítà Thomas Beddoes ti dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ láti fi oríṣiríṣi afẹ́fẹ́ wo àìsàn. Ọmọ ogún ọdún ni Humphry Davy tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò. Ó ń fa gáàsì náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fò káàkiri yàrá, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá fà á pẹ̀lú, àwọn akéwì bíi Coleridge àti Southey sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ kan tí eyín àgbà ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ṣàkíyèsí pé ìrora náà fúyẹ́ bí òun ṣe ń fa gáàsì. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1800, ó sọ pé ó jọ pé a lè lò ó fún àwọn iṣẹ́ abẹ tí ẹ̀jẹ̀ kì í ti dà púpọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọdún 1800 ni ẹnì kan ti kọ ọ́ sínú ìwé pé gáàsì yìí lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ìrora ọ̀bẹ. Kò sí dókítà kan tó gbé e yẹ̀wò. Fún ọdún mẹ́rìnlélógójì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣì ń di àwọn aláìsàn mọ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé ẹsẹ̀ wọn. Gáàsì ní tirẹ̀ di ohun ìdárayá: àwọn ọlọ́lá ń fà á níbi àpèjẹ, àwọn alárìnká sì ń gbé e kiri ìlú, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ èrò ìwòran kí wọ́n lè rí ọmọlúwàbí tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lórí ìtàgé. Ibẹ̀ ni orúkọ "gáàsì ẹ̀rín" ti wá.

Orí irú ìtàgé bẹ́ẹ̀ náà ni oore ti jáde. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1844, ní ìlú Hartford ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gardner Quincy Colton ṣe àfihàn gáàsì ẹ̀rín fún àwọn ará ìlú. Ọ̀kan nínú àwọn tó fà á, Samuel Cooley, bẹ̀rẹ̀ sí sáré kiri, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá àga ìjókòó. Ẹsẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, òun sì jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Oníṣègùn eyín kan wà láàárín èrò, Horace Wells ni orúkọ rẹ̀. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, òun sì ń wo ẹsẹ̀. Ó bi Cooley bóyá ó dùn ún. Cooley ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun fara pa. Ní ọjọ́ kejì, Wells ní kí Colton gbé gáàsì wá, ó jókòó sórí àga ara rẹ̀, ó sì ní kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ John Riggs yọ eyín kan lẹ́nu òun. Eyín jáde, kò sì mọ ìrora.

Ó dùn mí láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ Wells parí sí, nítorí ẹni tó ṣe irú oore yẹn kò yẹ fún irú ìgbẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1845, ó lọ sí ìlú Boston láti fi iṣẹ́ náà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Wọ́n tètè mú àpò gáàsì kúrò lẹ́nu aláìsàn, aláìsàn sì ké nígbà tí wọ́n fa eyín rẹ̀. Wọ́n hó lé Wells lórí, wọ́n pè é ní ẹlẹ́tàn. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1846, ní ìlú Boston kan náà, William Morton, tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Wells rí, fi oògùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní ether kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, gbogbo ayé sì pàtẹ́wọ́ fún un. Wells rẹ̀wẹ̀sì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi chloroform dánra wò títí ó fi dorí rẹ̀ rú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní àhámọ́ ní ìlú New York ní oṣù Kìíní ọdún 1848. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ó ti kú tán kí ìròyìn tó dé pé àwọn oníṣègùn ìlú Paris ti gbà pé òun ló kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tó di 1864, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín Amẹ́ríkà náà gbà bẹ́ẹ̀.

Colton ló tún gbé gáàsì náà dìde lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn eyín ní 1863, ó sì dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1868. Ìṣòro kan ṣì wà tí kò jẹ́ kó kọjá ọ̀rọ̀ eyín. Gáàsì ògidì ni wọ́n ń fún ènìyàn, kò sí ọ́síjìn nínú rẹ̀, bí ó bá sì pẹ́ díẹ̀, ojú aláìsàn a bẹ̀rẹ̀ sí dúdú bí aró. Ìwọ̀nba tí wọ́n lè fi fa eyín kan tàbí méjì ni wọ́n ní. Edmund Andrews ní ìlú Chicago ló sọ ní 1868 pé kí wọ́n máa po ọ́síjìn mọ́ ọn. Ní 1881, Klikovich ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà po ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì pọ̀ mọ́ ìdá ogún ọ́síjìn, ó sì fún àwọn obìnrin tó ń rọbí. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹrù tí wọ́n máa gbé kiri pọ̀ jù fún agbẹ̀bí tó ń lọ láti ilé dé ilé.

Ní ọdún 1933, Dókítà Robert Minnitt ní ìlú Liverpool ṣe ẹ̀rọ kan tó ń po gáàsì náà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ lásán, kí ìyá tó ń rọbí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Láti 1936 ni àjọ tó ń ṣàkóso àwọn agbẹ̀bí ti gbà kí wọ́n máa lò ó láìsí dókítà nítòsí. Ibẹ̀ ni "gas and air" ti wá, orúkọ náà kò sì kúrò lẹ́nu títí dòní bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lásán kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Àbùkù ẹ̀rọ Minnitt ni pé afẹ́fẹ́ tí à ń mí kò ní ju nǹkan bí ìdá mọ́kànlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn lọ. Bí gáàsì bá gba ìdajì àyè, ọ́síjìn tó kù kò tó ènìyàn.

Ẹni tó yanjú rẹ̀ ni Michael Tunstall, dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun. Ohun tó ṣe jọ idán díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Bí a bá fún nitrous oxide nìkan mọ́ inú sílíńdà, omi ló ń dà. Gbogbo ènìyàn ti rò pé bí a bá fún òun àti ọ́síjìn pọ̀ sínú sílíńdà kan ṣoṣo, ọ̀kan yóò di omi sísàlẹ̀, èkejì yóò wà lókè. Tunstall fi hàn ní ọdún 1961 pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ ìdajì sí ìdajì, tí wọ́n sì fún wọn pọ̀ gan-an, ọ́síjìn kì í jẹ́ kí èkejì di omi. Àwọn méjèèjì a wà pọ̀ bí gáàsì kan. Ìdajì ọ́síjìn nìyẹn, ó ju ìlọ́po méjì èyí tí à ń mí lójoojúmọ́ lọ. Ilé iṣẹ́ British Oxygen Company bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní orúkọ Entonox, àwọn agbẹ̀bí sì gba àṣẹ láti lò ó ní 1965. Òtútù nìkan ni ọ̀tá rẹ̀. Bí sílíńdà bá tutù kọjá nǹkan bíi ìwọ̀n mẹ́fà sísàlẹ̀ òdo, àwọn méjèèjì a pínyà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fà á yóò rí ọ́síjìn gbà, ẹni tó bá fà á gbẹ̀yìn yóò rí gáàsì tí ọ́síjìn inú rẹ̀ kò tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú sílíńdà náà síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, pàápàá lẹ́yìn tí ọkọ̀ pàjáwìrì bẹ̀rẹ̀ sí gbé e kiri ní agbègbè Gloucester láti nǹkan bíi ọdún 1970.

Ọgbọ́n tó wà nínú bí wọ́n ṣe ń fà á wù mí ju gáàsì náà lọ. Gáàsì kì í jáde fúnra rẹ̀. Àfi tí aláìsàn bá mí sínú. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mú ohun ìfàmu náà lọ́wọ́, kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Bí oorun bá fẹ́ gbé e lọ, ọwọ́ rẹ̀ a rọ̀, ohun ìfàmu a bọ́ lẹ́nu rẹ̀, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí mí afẹ́fẹ́ lásán. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú rẹ̀ ti là. Èmi ò tí ì rí oògùn mìíràn tó mọ ìgbà tó yẹ kó dúró báyìí.

Ó yà mí lẹ́nu pé ó gbà tó ogójì ọdún láti yàrá ìrọbí kí ẹnikẹ́ni tó fi ìwádìí gidi gbé e dé ẹ̀gbẹ́ àgbàlagbà tí wọ́n fẹ́ gún ní abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò. Ní 2001, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí wọ́n ń mú ẹran ẹ̀dọ̀ wọn: wọ́n fún àwọn kan ní àdàlù náà, wọ́n fún àwọn kan ní gáàsì tí kò ní agbára, kò sì sí aláìsàn tó mọ èyí tí òun ń fà. Ìrora àwọn tó gba ojúlówó kéré sí ti àwọn yòókù. Ní 2002, irú rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí próstéètì. Àwọn kan fa Entonox, àwọn kan fa afẹ́fẹ́ lásán nínú sílíńdà, dókítà kò mọ̀, aláìsàn náà kò mọ̀. Àwọn tó fa Entonox sọ pé ìrora àwọn kéré, àwọn dókítà sì rí i pé agbára rẹ̀ tètè ń lọ.

N kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àgbo gbogboǹṣe ni. Ẹni tí wọ́n ń mú mùdùnmúdùn egungun ìbàdí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìrọ̀rùn níbẹ̀. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Finland ní 2015 fi nitrous oxide wé ọ́síjìn lásán fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, kò sì rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́. Egungun kì í ṣe ẹran.

Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, nǹkan mìíràn ni wọ́n ń fà. Methoxyflurane ni orúkọ rẹ̀. Omi ni, wọ́n ń da ìwọ̀nba mílílítà mẹ́ta sínú ohun kan tó rí bíi fèrè aláwọ̀ ewé, aláìsàn a sì máa fa oru rẹ̀ sínú. Ní àwọn ọdún 1960, oògùn tí wọ́n fi ń kun ènìyàn lóorun pátápátá ni, títí wọ́n fi rí i pé tó bá pọ̀, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Amẹ́ríkà fa àṣẹ rẹ̀ yọ ní 2005. Àwọn ará Ọsirélíà dín in kù gidigidi, wọ́n sì ń lò ó nínú ọkọ̀ pàjáwìrì wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àṣẹ ní 2015 fún ìrora àgbàlagbà tó fara pa. Ìwádìí tó jáde ní Ọsirélíà ní 2014 lórí àwọn tí wọ́n ń mú mùdùnmúdùn egungun wọn fi hàn pé ó dín ìrora kù, bí a bá fi òdo sí mẹ́wàá wọn ìrora, láti mẹ́fà sí nǹkan bíi márùn-ún. Èyí kò pọ̀, àmọ́ ó sàn ju òfo lọ. Ní 2021, òmíràn tó ní ju irínwó ọkùnrin lọ nínú jáde lórí próstéètì. Gbogbo wọn ni wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú, ìdajì sì tún fa methoxyflurane lé e. Ní ti ìrora gan-an, ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn tó fa fèrè náà sọ pé ara kò ni àwọn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fẹ́ gbà ju àwọn yòókù lọ láti padà wá bí wọ́n bá tún pè wọ́n. Èmi ka ìyẹn sí nǹkan ńlá, nítorí ẹni tó bá padà wá ni dókítà lè tọ́jú.

Abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú yìí ni baba gbogbo rẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń gún un sí ẹ̀gbẹ́ próstéètì, gáàsì kò sì lè gba ipò rẹ̀. Ohun tí gáàsì wúlò fún jù ni àyà tó ń já, àti ìṣẹ́jú tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ fẹ́ wọlé. Àǹfààní rẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ oorun bíi midazolam ni pé ẹni tó gba abẹ́rẹ́ oorun kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ lọ sílé, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó fa Entonox, bí ó bá ti jókòó fún nǹkan bí ìdajì wákàtí tí ara rẹ̀ sì ti balẹ̀, ó lè máa bá tirẹ̀ lọ. Fún bàbá tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ ibi tí òun ń lọ, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fà á. Nitrous oxide a máa wọ ibikíbi tí afẹ́fẹ́ bá há sí nínú ara, a sì máa fẹ̀ ẹ́. Ẹni tí afẹ́fẹ́ wà láàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ìhà rẹ̀, ẹni tí ìfun rẹ̀ dí, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gáàsì sínú ẹyinjú rẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ, kí gbogbo wọn sọ fún dókítà. Ó tún ń ba iṣẹ́ fítámì B12 jẹ́ bí a bá ń fà á lemọ́lemọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa gan-an, nítorí àwọn ọmọ wa tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde ti máa ń gba Entonox fún ìrora ní ilé ìwòsàn. Ní 1999, ìròyìn kan jáde láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ Yorùbá sì wà lára àwọn tó kọ ọ́, tó fi hàn pé gbígbà á léraléra lè ba iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára kiri ara jẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbi àyẹ̀wò kò jọ èyí rárá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fà á láti inú bàlúùnù ní òpópónà ni ẹsẹ̀ wọn ń kú, títí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fi òfin de níní in lọ́wọ́ láìnídìí tó tọ́, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí àgọ́ọ́lọ̀ kéékèèké onírin dídán nínú yàrá ọmọ yín, ẹ bi í léèrè.

Nǹkan ti yí padà ní ti próstéètì pàápàá. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, abẹ́rẹ́ kì í gba inú ihò ìdí mọ́. Awọ tó wà láàárín ihò ìdí àti àpò ẹpọ̀n ni wọ́n ń gbà, nítorí kí kòkòrò inú ìgbẹ́ má bàa bá abẹ́rẹ́ wọlé. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún ni, ìṣẹ́jú mélòó kan tí wọ́n sì fi ń fún un ló máa ń ta jù. Àwọn ibì kan ní Entonox tàbí fèrè aláwọ̀ ewé náà nítòsí, àwọn ibì kan kò ní. Àwọn ilé ìwòsàn kan tilẹ̀ ń ti ọ̀pá gáàsì àtijọ́ wọn pa, nítorí nitrous oxide tó ń jò sínú afẹ́fẹ́ ń mú ayé gbóná ju carbon dioxide lọ ní ìwọ̀n tó lé ní igba àti àádọ́ta. Sílíńdà kéékèèké ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Sílíńdà bẹ́ẹ̀ kì í sì í wà ní yàrá àyẹ̀wò bí ẹnikẹ́ni kò bá bèèrè rẹ̀ ṣáájú. Nọ́ńbà tẹlifóònù wà lórí lẹ́tà tí wọ́n fi pè yín. Ẹ pè é ní bí ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ tó pé, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní gáàsì tí ènìyàn lè fà, bóyá nọ́ọ̀sì lè kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fà á kí ẹ tó dùbúlẹ̀, nítorí ó yẹ kí ènìyàn ti fà á bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí abẹ́rẹ́ tó kàn án lára.